Ta Ni À Ń Pè Ní Alóre?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú tọ̀ yín wá lónìí, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń wà lẹ́nu àwọn bàbá wa nígbà tí ìlú ṣì ní odi, tí odi ṣì ní bodè, tí kò sì sí ẹni tí ó lè sọ̀yà pé ibi tí òun sùn sí lálẹ́ ni òun yóò jí sí láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ti ń di ọ̀rọ̀ inú Bíbélì lásán fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ náà ni alóre.

Bí ẹ bá bi ọ̀dọ́langba kan léèrè pé ta ni alóre, bí kò bá gbọ́ ọ sí olóore, nítorí pé etí tí kò fara balẹ̀ kì í mọ̀yàtọ̀ àwọn méjèèjì, yóò dá yín lóhùn pé olùṣọ́ ni. Kò ṣì í, ṣùgbọ́n kò tíì gbà á tán. Ẹni tí ń wo eégún lójú agbo, ẹni tí ń sùn sí ẹnu géètì olówó, ẹni tí ń gba owó bodè lọ́wọ́ àlejò, ẹni tí ọ̀tá rán wá wo ibi tí odi ti lanu, àti ẹni tí ó gun orí igi ìrókò láti mọ̀ bóyá eruku ń sọ lójú ọ̀nà oko, gbogbo wọn ni ojú wọn là sílẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń wo nǹkan, síbẹ̀ orúkọ tí à ń pe ọ̀kan kọ́ ni à ń pe èkejì, nítorí pé kí èdè Yorùbá tó sọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lórúkọ, a máa kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún, a sì máa béèrè ohun tí ẹnu rẹ̀ yóò ṣe nígbà tí ojú bá rí.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ òǹwòran bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó pọ̀ jù láyé. Ìran ni ohunkóhun tí ó tó dúró wò, ìbáà ṣe eégún, ìbáà ṣe ijó, ìbáà ṣe ìjà orogún méjì ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó bá sì dúró wò ó ni òǹwòran. Òǹwòran kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Nígbà tí agbo bá tú, yóò gbọn eruku ìdí aṣọ rẹ̀ nù, yóò gba ilé rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́ pé kí ó wá ròyìn ohun tí ó rí. N kò sọ èyí láti bú u, nítorí pé eégún aláré tí kò rí òǹwòran, ògiri ni ó ń jó fún. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti gbé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ìran wíwò ti di ohun tí ènìyàn lè jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti ń korò lẹ́nu nígbà tí ó bá jẹ́ pé ìyà ni ìran náà. Obìnrin tí iná jó ilé rẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò káwọ́ gbera tí wọ́n dúró, kì í sọ pé wọn kò ran òun lọ́wọ́. Ohun tí ó máa ń wí ni pé wọ́n wo òun níran. Ẹni tí wọ́n dójú tì ní gbangba, a ní wọ́n fi í ṣe ìran wò. Àwọn àgbà tí wọ́n sì pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ohun tí wọ́n fi yé wa ni pé ó ní ọjọ́ orí tí ènìyàn í dé, tí a kò ní fún un láàyè láti jẹ́ òǹwòran mọ́, bí ó ti wù kí ìran náà dùn tó.

Lẹ́yìn òǹwòran ni ìdílé ńlá kan wà tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ọ̀rọ̀ kan náà, èyíinì ni ṣọ́. Nínú rẹ̀ ni a ti rí aṣọ́gbà, aṣọ́nà, aṣọ́bodè àti olùṣọ́àgùntàn. Nínú rẹ̀ náà ni a ti rí ìṣọ́ òru tí àwọn onígbàgbọ́ ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òwe tí ó gbayì jù nínú ìdílé yìí ni pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹni tí ó bá sì ti wo alákàn létí odò yóò mọ̀ pé òwe náà kì í ṣe àsọdùn: alákàn kò ní ọrùn tí yóò fi yí orí ká, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ méjèèjì dúró lórí igi tín-ín-rín méjì, tí ó lè nà wọ́n sókè bí ó bá fẹ́ ríran, tí ó sì lè tẹ̀ wọ́n wọlé bí ewu bá sún mọ́ ọn. Ara rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Kò ṣọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ jẹ́ idà olójú méjì. Onílé ń ṣọ́ olè, olè náà ń ṣọ́ onílé. Ológbò a máa ba sí ìdí àká, a máa ṣọ́ eku, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò pe ológbò ní olùṣọ́ eku. Ìyá àgbà tí ó bá wọlé tí ó ní, "Ẹ gbà mí o, wọ́n ń ṣọ́ mi," kì í ṣe ọpẹ́ ni ó wá dú. Ẹ̀rù ni ó ń bà á, nítorí pé àwọn ọ̀tá ni ó ní lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni amí, ẹni tí ìlú kan rán lọ sínú ìlú kejì pé kí ó fi ara pa mọ́, kí ó sì ka iye ìbọn tí ó wà nílé olórí ogun. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ayé òde òní, tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ẹni tí ń rọra tẹ ilẹ̀ ni. Àwọn wọ̀nyí ń wò, wọ́n sì ń ròyìn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń wò kò gbọdọ̀ mọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìròyìn wọn sì máa ń di ẹkún fún ẹni tí wọ́n wò.

Ibi tí alóre ti ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ nìyẹn. Alóre kì í ṣe amí, nítorí pé gbogbo ìlú ni ó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì mọ ibi tí ó wà. Kì í ṣe òǹwòran, nítorí pé kò sí ìgbà tí ó lè rí nǹkan kí ó sì pa ẹnu mọ́. Kì í sì í ṣe oníbodè. Oníbodè ní ilé tirẹ̀ lẹ́nu odi, a máa gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, a máa bi àlejò léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀, a sì máa ti ìlẹ̀kùn bodè nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ojú rẹ̀ kò ré kọjá ẹni tí ó bá ti dé iwájú rẹ̀. Òkèèrè ni ojú alóre ń lọ. Ẹ rántí bí wọ́n ti ń mọ ìlú ní ayé ogun: odi amọ̀ ló yí ìlú ká, yàrà jíjìn wà lẹ́yìn odi, igbó ilé sì wà lẹ́yìn yàrà, igbó dídí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá oko sí, kí ó lè ṣòro fún ọ̀tá láti la ibẹ̀ kọjá. Igbó yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti ń fi ìlú pa mọ́ fún ọ̀tá ni ó ń fi ọ̀tá pa mọ́ fún ìlú. Nítorí náà, ó di dandan kí ẹnì kan wà ní ibi gíga, lórí igi ńlá, lórí àpáta, tàbí lórí odi níbi tí ó ga jù, tí yóò máa wo òkè igbó lọ sí ibi tí ọ̀nà gbé yọ sí gbangba. Bí ó bá rí èéfín níbi tí kò sí abà, bí ó bá rí ọ̀wọ́ ẹyẹ tí ó dédé fò dìde nínú igbó tí kò sí àgbẹ̀, bí ó bá rí eruku, kò ní dúró láti mọ orúkọ olórí ogun náà kí ó tó pariwo.

Mo fẹ́ kí ẹ fi alóre wé Ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí pé orúkọ Ẹ̀ṣọ́ náà bá ṣọ́ tan. Nínú ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó fi hàn pé Ẹ̀ṣọ́ jẹ́ akọni ọkùnrin 70 tí a fi ìgboyà yàn, tí ìtìjú wọn ju ikú lọ. Ohun méjì péré ni wọ́n ní ó yẹ Ẹ̀ṣọ́: kí ó jà kí ó lé ogun, tàbí kí ó jà kí ó kú sójú ogun, ọfà kò sì gbọdọ̀ bà á lẹ́yìn, iwájú ni ọgbẹ́ rẹ̀ gbọdọ̀ wà. Ẹ ò rí i pé òdìkejì èyí ni iṣẹ́ alóre. Alóre tí ó bá rí ogun, tí kò yí ẹ̀yìn sí i kí ó sì sáré wọ ìlú, alóre tí ó fa idà yọ tí ó ní òun nìkan yóò dá wọn dúró lójú ọ̀nà, ó lè kú ikú akọni, kí àwọn akéwì sì máa kì í, ṣùgbọ́n kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, nítorí pé òkú kò lè wí fún ìlú pé ogun ti dé. Nínú gbogbo àwọn tí ń lọ sójú ogun, mo rò pé òun nìkan ni sísá jẹ́ iyì fún.

Ẹ jẹ́ kí n mú Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú tí ó jókòó sábẹ́ òkúta mọ iyì ibi gíga. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n bá Ṣódẹkẹ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1830 kò tíì gbé ibẹ̀ pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ọba Dàhòmì kò fẹ́ràn ìdàgbàsókè wọn. Ní 1848, ogun Dàhòmì run Òkè-Ọ̀dàn. Ní oṣù kìn-ín-ní 1851, Beecroft, kọ́ńsù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti lọ sí ààfin Ghezo, ọba Dàhòmì, ní Àgbómì ní ọdún tí ó ṣáájú, wá sí Abẹ́òkúta, ó sì wí fún àwọn olóyè pé kí wọ́n múra, nítorí pé Ghezo ń bọ̀. Wọ́n múra: wọ́n tún odi mọ. Bí ogun náà ti ń sún mọ́ tòsí, àwọn ará Ìṣágà, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Ghezo ní gbangba, ránṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ sí Ẹ̀gbá, wọ́n sì gba ọmọ ogun Dàhòmì nímọ̀ràn pé bodè Aro ni kí wọ́n gbà wọlé, ní ojú ọ̀sán gangan, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ti tún odi ṣe dáadáa. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ogun náà yọ, ó la odò Ògùn kọjá, ó sì kọjú sí bodè Aro. Àwọn jagunjagun Ẹ̀gbá ti wà lẹ́yìn odi. Ìgbà tí wọ́n yẹ òkú wò ni wọ́n tó rí i pé obìnrin wà nínú àwọn tí ń bá wọn jà, ìtìjú pé obìnrin ni ó fẹ́ kó wọn lẹ́rú sì sọ ìjà náà di ọ̀tun nínú wọn. Dàhòmì padà sílé pẹ̀lú òfò. Ghezo kú, Glele ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé: ní 1862 ni ogun rẹ̀ pa Ìṣágà run nítorí ẹ̀tàn ọjọ́ náà, ní 1864 ó tún gbé ogun lọ sí Abẹ́òkúta, odi tún dá a padà.

Àwọn olùgbọ́ mi, ta ni alóre nínú ìtàn yìí? Ọ̀pọ̀ yóò yára dárúkọ Beecroft, tàbí àwọn ará Ìṣágà. Rárá o. Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe ni pé wọ́n ta Ẹ̀gbá lólobó. Olobó lè ti òkèèrè wá, ó lè wá ní oṣù méjì ṣáájú, ẹni tí ó ta á sì lè jẹ́ àlejò tàbí ọ̀rẹ́ ọ̀tá. Ohun tí ó ń sọ ni pé ogun ń bọ̀. Alóre ní tirẹ̀ ní í sọ pé ogun ti dé, ọ̀nà báyìí ni ó gbà, báyìí ni ó ti pọ̀ tó. Ìlú tí ó rí olobó gbà tí kò ní alóre yóò máa fi ojoojúmọ́ bẹ̀rù títí àárẹ̀ yóò fi mú un, ọjọ́ tí ó bá sì sùn ni ogun yóò wọlé. Ìlú tí ó ní alóre tí kò rí olobó gbà lè rí ogun lókèèrè, kí ó má sì rí àyè mọ odi. Òwe tí ó ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, ti olobó ni. Ẹni tí ó bá sì gun òkúta Olúmọ lónìí, tí ó rí òrùlé ìlú bí ó ti tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ títí dé ọ̀nà odò Ògùn, kò ní bi mí léèrè ìdí tí alóre fi ń wá ibi gíga.

Nígbà tí àwọn tí wọ́n sọ Bíbélì di Yorùbá dé ibi tí àwọn Júù ti ní irú òṣìṣẹ́ yìí lórí odi tiwọn, wọn kò ní láti dá ọ̀rọ̀ tuntun, alóre ti wà nílẹ̀ fún wọn. Nínú Bíbélì Yorùbá tí ó parí ní odindi ní 1884, tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ṣe aáyan lé lórí gidigidi, ibẹ̀ ni ó wà títí di òní. Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni inú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 18, níbi tí Dáfídì ti jókòó sí àárín bodè, tí ó ń retí ìròyìn ogun tí Ábúsálómù ọmọ rẹ̀ dìde sí i. Alóre wà lórí òrùlé bodè. Ó rí ọkùnrin kan tí ń sáré bọ̀ lóun nìkan, ó ké sí ọba. Ọba ni ó wá túmọ̀ rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ òun nìkan, ìròyìn ni ó mú wá. Nítorí pé bí ogun bá fọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó yẹ kí ó máa sá bọ̀. Ó tún rí ẹnì kejì, ó tún ké. Lẹ́yìn náà ni ó ní ìsáré ẹni àkọ́kọ́ jọ ti Áhímáásì, ọba sì ní ènìyàn rere ni, ìròyìn rere ni yóò mú wá. Ẹ kíyè sí i pé alóre kò fi ẹnu kan ìròyìn rere. Ó sọ iye ènìyàn, ó sọ bí ẹsẹ̀ wọn ti rí, ó fi ìtumọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni í. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ìtàn náà ti parí mọ̀ pé ìtumọ̀ tí ọba ṣe nípa Áhímáásì ni ó tàsé, ojú alóre kò tàsé rárá.

Àwọn àgbẹ̀ wa kò dúró de ogun kí wọ́n tó lo ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọ̀bọ bá fẹ́ wọ oko àgbàdo, wọ́n ní gbogbo wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; ọ̀kan a gun orí igi, a máa wọ̀tún wòsì, kò sì ní fi ẹnu kan àgbàdo níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lókè. Bí ó bá rí olóko, yóò han lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oko á sì dá. Alóre ọ̀bọ nìyẹn, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbẹ̀ pé bí ènìyàn bá fẹ́ pa ọ̀bọ, òun ni kí ó kọ́kọ́ wá.

Nígboro, ọdẹ ni ó gba ipò alóre. Ó ní ìdí tí a fi ń pe ẹni tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru ní ọdẹ bí kò tilẹ̀ pa ẹran rí láyé rẹ̀: àwọn ọdẹ gidi ni ó ni ìbọn, tí ó ni àtùpà, tí ó sì mọ òru, àwọn ni ìlú sì máa ń fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ọdẹ òde òní a máa fi irin lu òpó iná kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kọjá lọ, gbàn-ún, gbàn-ún, kí àwọn tí ń san owó oṣù rẹ̀ lè mọ̀ pé kò sùn. N kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dá àṣà yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó bá olè ṣọ̀tá; olè tí ó bá gbọ́ gbàn-ún ní òpópónà kẹta ti mọ̀ pé àyè wà ní òpópónà kìn-ín-ní. Ohùn alóre wà fún ìgbà tí ewu bá dé. Ohùn ọdẹ yìí ń ròyìn ara rẹ̀.

Ó ku bí ẹ ó ṣe máa lo ọ̀rọ̀ náà. Ní àsìkò ìdìbò, mo máa ń gbọ́ tí àwọn akọ̀ròyìn ń pe àwọn àlejò tí wọ́n ti òkè òkun wá ní alámòójútó ètò ìdìbò. Alámòójútó ní àṣẹ. Ó lè dá iṣẹ́ dúró, ó sì lè ní kí a tún un ṣe, àwọn àlejò wọ̀nyí kò sì ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ olùwòye pẹ̀lú, èyí sì tọ́ sí wọn dáadáa, nítorí pé wọ́n ń wò, wọ́n ń fi òye gbé e, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n aṣojú ẹgbẹ́ tí ó dúró ti àpótí ìbò láti àárọ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí ó rán an, tí ó gbọdọ̀ pariwo ní ìṣẹ́jú náà gan-an tí ó bá rí i pé ìwé ìbò méjì wọlé láti ọwọ́ ẹnì kan, alóre ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí i tí ó dákẹ́ títí wọ́n fi kà á tán, ẹ padà máa pè é ní òǹwòran.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ibi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá ni a ti ń lo orúkọ kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pe ẹni orí odi ní ìlú tiyín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa nílé iṣẹ́ rédíò, kí ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì sọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ.